Slaughter of the Soul tàbí The Jester Race: èwo ni kí a kọ́kọ́ gbọ́?

Ìlú Gothenburg ní Sweden ni àwo méjèèjì ti wá. Melodic death metal ni wọ́n, ìyẹn orin líle tó pa igbe pọ̀ mọ́ ohùn gìtá aládùn, Studio Fredman kan náà ni wọ́n sì ti gbà wọ́n sílẹ̀.

Slaughter of the Soul, ti ẹgbẹ́ olórin At the Gates, jáde ní 1995: orin 11, nǹkan bí ìṣẹ́jú 34. Kò fàkókò ṣòfò rárá. Gìtá ń sáré, Tomas Lindberg, akọrin wọn, sì ń ké bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí. The Jester Race, ti ẹgbẹ́ In Flames, ní 1996, ń rọra wọlé ní tirẹ̀: gìtá tí kò lo iná ló ṣí orin "Moonshield", kí gìtá méjì tó jọ máa kọ ohùn aládùn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń yí i sókè.

Ti gbígbọ́ ọ̀rọ̀ orin kọ́, ohùn líle ni wọ́n fi kọ méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́ lè dà bí ariwo lásán létí ẹni tí kò tíì mọ́ lára. Àwọn kan ní èkejì rọ̀ jù. Èmi ò gbà.

Bí orin líle bá ti mọ́ ọ lára, tàbí tó o fẹ́ kí ara gbóná kíákíá, mú ti At the Gates. Bó bá jẹ́ pé adùn gìtá lò ń wá, tó o sì ráyè jókòó, In Flames ni.