Ìkògòsì tó owó ọkọ̀ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá Ìkògòsì, ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti ń sun ní Èkìtì, tó owó ọkọ̀, ó tó jàre. Mo bọ́ bàtà, mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tòsì bọ èyí tó tutù, níbi tí méjèèjì ti pàdé gan-an, mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Kì í ṣe òkè oníná ló ń mú omi náà gbóná o, omi òjò ló ń rì gba ojú òkúta tó sán, tó bá jìn dáadáa ooru ilẹ̀ á mú un, á wá padà sókè. Ti Iceland ni ti òkè oníná, omi ibẹ̀ máa ń hó débi tó fi ń yọ́ òkúta díẹ̀díẹ̀, tí omi náà bá wá tutù lókè, òkúta tó yọ́ sínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí èépá. Dẹ́rẹ́bà wa nìkan ló bà á jẹ́, ó gbowó àlọ àtàbọ̀ ó sì sá lọ. Ẹ mú tówẹ̀lì dání.