Queen Mary àbí West Point: èwo ló kó ọmọ ogun dáa jù?

Ọkọ̀ ojú omi ńlá méjì tó kó ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n. Tó bá jẹ́ iye èèyàn là ń wò, Queen Mary ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní oṣù Keje 1943, èèyàn 16,683 ló kó láti New York lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni wọ́n ṣe gbà? Wọ́n to ibùsùn kánfáàsì léra wọn dé òkè àjà, wọ́n sì ń gbà á sùn ní ìpín-ìpín: bí ẹnìkan bá ṣe ń dìde ni ẹlòmíì ń dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oúnjẹ lójúmọ́. Báàjì pupa, funfun tàbí búlúù ló ń fi apá ibi tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà hàn.

Eré ni ààbò rẹ̀: ó ń sá ju máìlì 30 lọ ní wákàtí kan, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kò lè lé e bá. Àmọ́ eré yẹn náà ló dá ọ̀fọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá 1942. Bó ṣe ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, ó gé Curacoa, ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ ọ, sí méjì. Ó lé ní 300 èèyàn tó kú, Queen Mary kò sì gbọdọ̀ dúró gba àwọn tó wà nínú omi là, kí ọ̀tá má baà rí i yìn. Ó dunni gan-an.

USS West Point, tó ń jẹ́ America tẹ́lẹ̀, kéré sí i. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gan-an ni, láti oṣù Kẹfà 1941 títí di oṣù Kejì 1946, ó sì kó ọmọ ogun tó lé ní 350,000. Ní ìparí oṣù Kìíní 1942, ó já ọmọ ogun sí Singapore tí bọ́ǹbù ń rọ̀, ó sì kó obìnrin àtọmọdé jáde. Ní tèmi, West Point ni màá mú fún èbúté tí iná ogun ti ń jó.