Bí wọ́n ṣe bá wa sin Dádì síbi táwọn sọ́jà wà ní Houston: èyí tó dáa àti èyí tó dùn wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣèlérí fún àwọn tó pè mí lẹ́yìn ìsìnkú Dádì wa pé màá kọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀, torí ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí, ẹni tí bàbá ẹ̀ ti ṣe sọ́jà Amẹ́ríkà rí, ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣì wà nínú Army, ẹni tí àbúrò ẹ̀ gba ọ̀nà MAVNI wọlé, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà sí iṣẹ́ sọ́jà, nígbà tí wọ́n ń wá àwọn tó gbọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó wà lọ́kàn mi: àwọn sọ́jà tó wá bọlá fún Dádì àtàwọn òṣìṣẹ́ Houston National Cemetery, itẹ́ òkú ìjọba tí wọ́n ń sin àwọn tó ti ṣe sọ́jà sí, ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Funeral home tá a gbà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú òkú tó sì ń ṣètò ìsìnkú, mi ò ní dárúkọ wọn, ìràwọ̀ méjì ni mo fún àwọn, torí pé wọ́n wẹ Dádì dáadáa, wọ́n wọ̀ ọ́ ní agbádá ẹ̀ bó ṣe yẹ, mi ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Dádì wọ Army ní 1982, ọdún mẹ́rin ló lò, ó ṣe Fort Hood níbí ní Texas, ó tún ṣe Jámánì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún wa. Ohun tá a ṣáà mọ̀ ni pé etí ẹ̀ máa ń hó, ariwo ìbọn ló fà á, ìjọba sì ń san owó kékeré kan fún un lóṣooṣù torí etí yẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ etí yìí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ní oṣù kejì ọdún 2025, ó pe Màmá, ó ní ibi táwọn sọ́jà wà ni kí wọ́n sin òun sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di tẹbí. Ará Iléṣà ni wá. Àwọn bàbá wa nílé ní rárá, ilé làbọ̀ sinmi oko, pé báwo ni ọmọ Obòkun ṣe máa kọ́lé sílé tán táá wá lọ sùn sílẹ̀ àjèjì láàárín àwọn tí kò mọ oríkì ẹ̀. Ìpàdé orí WhatsApp yẹn lé ní wákàtí mẹ́ta, ẹni tí ináa fóònù ẹ̀ kú padà wọlé, ó bá wa níbi tó fi wá sí. Màmá gbọ́ gbogbo ẹ̀ láì fọhùn, ìgbà tó yá ló wá sọ pé, “Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ fún un lọ́run pé mi ò ṣe é.” Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Àmọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé tiyín lọ sílé, ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹ̀ ò tíì tán o. VA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣe sọ́jà rí, máa ń fúnni ní òkúta tí wọ́n ń rì sórí ibojì fún itẹ́ òkú yòówù kó jẹ́ láyé, Iléṣà náà wà níbẹ̀. Owó àwọn tó máa rì í mọ́lẹ̀ ni tiyín. Àsíà náà, ẹ lè gbà á.

Ìwé tí gbogbo nǹkan dúró lé lórí ni DD-214. Òun ni wọ́n ń fún sọ́jà lọ́jọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sọ iye ìgbà tó lò àti bó ṣe kúrò. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lé e pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń pè ní dishonorable, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì wọṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án 1980 bíi ti Dádì, ó gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́rìnlélógún tàbí kó lo iye tí wọ́n pè é fún tán. A tú ilé. A tú bríìfùkéèsì ẹ̀, a tú Ghana-must-go mẹ́ta tó wà ní gáréèjì, a rí rìsíìtì mọ́tò tó kọ́kọ́ rà, a rí lẹ́tà tí Màmá kọ sí i láti Iléṣà kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, DD-214 la ò rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá tó wà nínú Army Reserve ló gbà wá. Ó ní ẹ̀dà ìwé yẹn wà ní National Personnel Records Center ní St. Louis, pé ìyàwó tàbí ọmọ olóògbé lè bèèrè fún un láìsan kọ́bọ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SF-180 ni, ká sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ti ìsìnkú ni torí wọ́n máa ń fi ti ìsìnkú ṣíwájú. A fi fax ránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ ó ti dé. Tiwa tètè rọrùn torí 1982 ni Dádì wọlé. Iná jó ibẹ̀ ní 1973, ìwé tó jóná níbẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún, àwọn tó kúrò nínú Army kí 1960 tó wọlé ló sì kàn jù, torí náà tó bá jẹ́ bàbá àgbà lẹ ń wá tiẹ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìwé dé, orúkọ ò bára mu. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní 1986 ti fo “w” kan nínú orúkọ Dádì, ó sì fi orúkọ bàbá wọn ṣe orúkọ àárín. Ẹ̀rù bà mí gan-an lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìwé tí wọ́n fún Dádì nígbà tó di ọmọ Amẹ́ríkà la fi yanjú ẹ̀, nọ́ńbà Social Security ẹ̀ sì bára mu, ẹni tó dá wa lóhùn lórí fóònù ní ófíìsì tó ń fún wọn láyè ìsìnkú ní St. Louis fara balẹ̀ gbọ́ wa, kò fi orúkọ wa ṣẹlẹ́yà, ó ní kí n pe orúkọ náà lẹ́tà lẹ́tà fún òun kóun má baà ṣì í kọ. Ohun tó ṣe yẹn wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti funeral home. A ti fọwọ́ síwèé kí n tó jókòó ka bíìlì wọn dáadáa, àṣìṣe wa nìyẹn, ọ̀fọ̀ ṣì tutù lára wa. Mo rí i níbẹ̀ pé wọ́n kọ $650 fún ohun tí wọ́n pè ní “ètò ológun”: àsíà, àwọn sọ́jà, àti ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n máa bá wa gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá ni mo fi hàn, ńṣe ló dìde dúró. Ẹ gbọ́ o, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni òfin ti wà nílẹ̀ pé tí ẹbí bá ti bèèrè, ó kéré tán sọ́jà méjì tó wọ yúnífọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wá, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ẹ̀ka tí olóògbé ti ṣiṣẹ́, wọ́n máa ká àsíà, wọ́n máa fà á lé ẹbí lọ́wọ́, wọ́n máa fun fèrè. Àsíà yẹn fúnra ẹ̀, fọ́ọ̀mù 27-2008 lẹ máa kọ, ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ní i. Ìwé ẹ̀rí yẹn ni Presidential Memorial Certificate, ó ti wà láti ìgbà Kennedy ní 1962, ẹ lè gba ju ẹyọ kan lọ, ọmọ mẹ́rin ni wá, mẹ́rin la gbà. Nígbà tá a pè wọ́n wọ́n yọ owó náà kúrò, ṣùgbọ́n wọn ò bẹ̀ wá. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n sọ fún wa pé àwọn ti bá wa béèrè fún àwọn sọ́jà, ọjọ́ mẹ́ta sí ìsìnkú la tó mọ̀ pé wọn ò tíì ṣe é. Ká ní a ò pè láti béèrè ni ńkọ́? Pósí Dádì ì bá dé ibẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni tó máa kí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè wọ́n, ẹ máa ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn yín.

Ohun tó ṣòro fáwa Yorùbá ni ọjọ́. Kò sí ìsìnkú Sátidé níbẹ̀, Mọ́ńdè sí Fúráìdè ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ Sátidé, àwọn tó ń bọ̀ láti Maryland ń sọ Sátidé, a wá pín in: ìsìn àìsùn lálẹ́ Ọjọ́rú, ìsìnkú lárààrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìnáwó ní Sátidé, aṣọ ẹbí àti ìlù di ọjọ́ yẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa bá wọn jà lórí ẹ̀. Agogo mọ́kànlá ni wọ́n fún wa, nǹkan bí ìdajì wákàtí sì ni gbogbo ẹ̀ torí ẹbí mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ ni mo sọ fún gbogbo èèyàn, àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀. Ẹ sọ fún pásítọ̀ yín kó tó dọjọ́ náà pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ní.

Kì í ṣe etí ibojì gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, abẹ́ òrùlé kan tí kò ní ògiri ni. Wọ́n gbé pósí wọlé, àsíà ti wà lórí ẹ̀, ó fẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní ìbú, mẹ́sàn-án àbọ̀ ní gígùn. Sọ́jà mẹ́ta ló wá, ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, wọn ò mọ Dádì rí. Ọ̀kan bọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú fèrè. Ó fun Taps, orin tí wọ́n fi ń dágbére fún sọ́jà, ohùn mẹ́rìnlélógún péré ni, kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rọ ló wà nínú fèrè yẹn torí àwọn tó mọ̀ ọ́n fun ò kárí, mo ń sọ ọ́ kí ẹ má baà kà á sí ìrẹ́jẹ tẹ́ ẹ bá rí i, torí nígbà tí ohùn yẹn jáde, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí kò tíì sunkún látọjọ́ tí Dádì ti kú jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé. Ó mọ́ wa lára kí ariwo wà níbi òkú àgbà, ìlù, orin, ẹkún. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Wọ́n wá ká àsíà náà, ìṣẹ́po mẹ́tàlá, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dán, títí tó fi di onígun mẹ́ta, tó jẹ́ àwọ̀ búlúù àti ìràwọ̀ nìkan lẹ máa rí. Ọmọbìnrin yẹn gbé e wá sọ́dọ̀ Màmá, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó wo Màmá lójú, ó ní lórúkọ Ààrẹ Amẹ́ríkà àti Army àti orílẹ̀-èdè tó moore, kí wọ́n gba àsíà yìí, kó jẹ́ àmì ìmọrírì iṣẹ́ tí ẹni wọn fi òótọ́ inú ṣe. Kò mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ yẹn ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lọ lójú wa. Màmá gba àsíà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki Dádì, ọmọ Ọwá, ọmọ ẹkùn, láì gbé ohùn sókè. Àwọn sọ́jà yẹn dúró, wọn ò mira, wọn ò wo aago, títí tó fi kì í tán. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fún wọn ní márùn-ún.

Àwọn kan bi mí pé ṣé wọ́n yìnbọn bí àwọn ọdẹ ṣe máa ń ṣe fún ọdẹ nílé. Wọn ò yìn ín fún wa. Ìyẹn ò sí lára èyí tí òfin sọ di dandan, àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn sọ́jà àtijọ́ dá sílẹ̀ ló sábà máa ń wá ṣe é tí wọ́n bá ráàyè, ẹ lè bèèrè.

Ti owó, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ìjọba máa sanwó gbogbo ìsìnkú. Ilẹ̀, gbígbẹ́ ẹ àti dídí i, àpótí kọnkéré tó ń gba pósí dúró nínú ilẹ̀, òkúta, ìtọ́jú ibojì títí ayé, a ò san kọ́bọ̀ lórí wọn. Pósí, ọkọ̀ òkú, gbogbo iṣẹ́ funeral home, àpò wa ló ti jáde. Ibi tí etí Dádì ti wúlò nìyí: kì í ṣe gbogbo sọ́jà àtijọ́ ni VA ń fún ẹbí ẹ̀ lówó ìsìnkú tí kì í bá ṣe iṣẹ́ ológun ló pa á, ṣùgbọ́n torí pé ó ń gba owó etí yẹn lọ́wọ́ wọn nígbà tó kú, wọ́n san $978 fún Màmá, iye tó wà nígbà yẹn fún ẹni tó kú láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2024. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n níyàwó ẹ̀ nínú ìwé wọn, kò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Tó bá jẹ́ ọmọ ló sanwó, fọ́ọ̀mù 21P-530EZ lẹ máa kọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ọdún méjì. Àwọn ẹgbẹ́ sọ́jà àtijọ́ bíi American Legion àti DAV máa ń bá èèyàn kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin sọ́jà àtijọ́ tẹ́ ẹ ṣì wà láyè sì lè kọ fọ́ọ̀mù 40-10007 báyìí, kí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀ kó tó kan yín, méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ Dádì ti kọ ọ́ látìgbà yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsìnkú yẹn a padà síbẹ̀ torí Màmá ní òun ò lè sùn láì rí iyẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fi ọkọ̀ kékeré ṣíwájú wa débẹ̀. Màmá bu iyẹ̀pẹ̀, ó dà á sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá ní kí n bá òun bi ọkùnrin náà, ìgbà tóun náà bá lọ, ibo ni wọ́n máa tẹ́ òun sí. Ọkùnrin náà ní ibí yìí náà ni, Mà, orúkọ yín á wà lórí òkúta kan náà. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá wo ilẹ̀ yẹn, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní, “Ẹ bá mi sọ fún un pé kó kọ “w” yẹn sí i.”