Ìyá ẹlẹ́rọ tó ń lọ ògì ọmọ l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tẹ́ ẹ wà l'Adó, tọ́mọ bá ti pé oṣù 6 tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi oúnjẹ kún ọmú, ẹ má jẹ́ kí owó oúnjẹ alágolo yọ yín lẹ́nu. Ọkà bàbà àti sóyà lèmi ń rà, màá yan sóyà yẹn dáadáa, màá bó èèpo ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́rọ. Kì í lọ ata nínú ẹ̀rọ yẹn rárá, á tún kọ́kọ́ fi àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan ṣan inú ẹ̀ kó tó da tèmi sí i, ó máa ń kúnná bí àtíkè! Èrò ṣáà máa ń pọ̀, ẹ tètè dé láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sè é, ẹ jẹ́ kó jinná dáadáa, ẹ fi edé lílọ̀ sí i, àmọ́ ẹ má foyin sí i o, àfi tọ́mọ bá pé ọdún kan.