Krita lọ́wọ́ ẹni tó ń ya ẹ̀dá-ìtàn kàtúùnù: ohun tí mo rí nínú rẹ̀

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni yíya ẹ̀dá-ìtàn kàtúùnù: ti ìwé ọmọdé, ti géèmù, ti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kí ọjà wọn ní ojú tí ènìyàn á máa rántí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo Krita fún un. Mo mọ àwọn sọ́fítíwià tí à ń sanwó wọn lóṣooṣù, mo sì ṣì ń ṣí ọ̀kan nínú wọn bí oníbàárà bá ní òun ni òun fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn kò bá tíì lórúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá á sanra ni tàbí á tẹ́ẹ́rẹ́, Krita ni mo máa ń sá tọ̀. Ìgbà tí a ṣì ń wá ẹ̀dá-ìtàn náà kiri gan-an ló máa ń wúlò jù, ju ìgbà àṣeparí lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: sọ́fítíwià tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni Krita. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ọjọ́ tí yóò yí padà béèrè owó. Inú KDE, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià ọ̀fẹ́, ló ti jáde, abẹ́ ìwé-àṣẹ GPL, tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó kó sì pín in, ló wà, iṣẹ́ tí ẹ bá sì fi ṣe, tiyín ni, ẹ lè tà á. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. Ti Android náà wà, ṣùgbọ́n kò sí ti iPad. Bí ẹ bá rà á ní ilé ìtajà Steam tàbí Microsoft Store, sọ́fítíwià kan náà ni. Owó yẹn ń ran àwọn tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni.

Òjìji dúdú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́. Kò ní ojú, kò ní aṣọ, kò ní ìlà kankan nínú. Ẹ̀dá-ìtàn tó bá yanjú, òjìji rẹ̀ nìkan ti tó láti dá a mọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀. Ìrísí róbótó máa ń jọ ẹni tó yá mọ́ni, onígun mẹ́rin máa ń jọ ẹni tó dúró gbọn-in tàbí olóríkunkun, onígun mẹ́ta sì máa ń mú ewu lọ́wọ́. Kì í ṣe òfin o. Àwọn tó ń wù mí jù ni àwọn tó pa méjì pọ̀, bí òǹrorò kan tí ara rẹ̀ rọ̀ tó sì rí róbótó, àfi ìgbà tó bá la ẹnu.

Nínú Krita, mo máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá kan, màá da dúdú sílẹ̀ kítikìti, màá tẹ E, búrọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà á di ìparẹ́, màá sì máa gé ara òjìji náà bí ẹni ń gbẹ́ igi. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, àwọn búrọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀ tí mo fẹ́ràn á yọ yí ẹnu pẹ́ẹ̀nì ká, n kò ní láti lọ wá wọn létí ojú-ìwé. Mo máa ń fi 4 àti 6 yí ojú-ìwé, màá fi 5 dá a padà. Ó lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí kì í yàwòrán, ṣùgbọ́n èrò tó bá sọ sí ọkàn, kí ènìyàn tó rí bọ́tìnì tó ń wá, ó ti lọ. Ìwọ̀nba ojú-ìwé kékeré ni mo máa ń lò níbi yìí, kí ẹ̀rọ má baà wúwo. Ìgbà tí a bá ti mú ọ̀kan ni mo tó ń ṣí èyí tó tó ìwé títẹ̀, bí A4 ní 300 ppi (píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan), tó jẹ́ píksẹ́lì 2480 lọ́nà 3508.

Kọ́kọ́rọ́ M ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó máa ń yí ọ̀tún àwòrán sí òsì lójú wa láì fọwọ́ kan àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ojú tí a bá ti wò pẹ́ máa ń mọ́ wa lára débi pé a kò ní rí i mọ́ pé ẹyinjú kan ga ju èkejì lọ, tàbí pé àgbọ̀n ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ tẹ M, gbogbo àṣírí á tú. Irinṣẹ́ kan tún wà tó ń ya òsì àti ọ̀tún papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń lò ó fún ìpìlẹ̀ ojú tó kọjú sí wa, lẹ́yìn náà màá pa á, màá sì ba ìdọ́gba yẹn jẹ́ díẹ̀: irun á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín kan á yọ. Ojú tó bá dọ́gba tán pátápátá kì í mí.

Àwòrán àfiwé náà rọrùn. Krita jẹ́ kí n to àwòrán bàtà, irun, ẹranko, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ wò, sí ẹ̀yìn òde ojú-ìwé. Wọn kì í yọ nínú iṣẹ́ tí mo bá fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo lè fi wọ́n pamọ́ sínú fáìlì náà. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé iwájú ẹ̀dá-ìtàn tí oníbàárà ti fọwọ́ sí kọ́ nígbà tí mo bá ń ya ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pá ìdiwọ̀n tí Krita ní máa ń jẹ́ kí ojú, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún wà ní ìpele kan náà yípo. Bí a bá fi gígùn orí wọn ara, orí 7 sí 8 ni àgbàlagbà gidi máa ń ga. Ọmọdé kàtúùnù lè ṣe 2 tàbí 3, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá mú, kò gbọdọ̀ yí padà bó bá ṣe ń yí ara.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ojú-ewé ìbínú, ẹ̀rù, ìtìjú àti ìfura ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Màá ṣe ẹ̀dà orí, màá mú Liquify, irinṣẹ́ tó ń ti àwòrán tàbí fà á bí amọ̀, màá ti ìpéǹpéjú sókè, màá fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀, títí ìṣesí náà á fi jọ òótọ́. Màá wá ya ojú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí layer tuntun (bí ìwé tí a lè ríran kọjá, tí a tẹ́ lé orí àwòrán), torí Liquify máa ń mú kí ìlà nípọn níbìkan, kó fẹ́lẹ́ níbòmíràn.

Fún ìlà àṣeparí, ìrànlọ́wọ́ ìfọwọ́yà, tó ń tún ìlà ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣe, wà ní oríṣiríṣi. Basic tó fún yíyà àkọ́kọ́. Stabilizer máa ń jẹ́ kí ìlà tẹ̀lé ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sì gún. Ẹ má ṣe gbé e ga jù. Ìlà tó gún ju bó ti yẹ lọ máa ń pa ìmísí tó wà nínú àkọ́kọ́.

Colorize Mask, tó dé ní 2018, ni mo fi ń gbé àwọ̀ oríṣiríṣi ka iwájú oníbàárà. Ẹ fi àmì àwọ̀ kékeré sí apá kọ̀ọ̀kan, òun á kún un dé ẹnu ìlà. Ìṣirò ló ń ṣe, ó sì lè pẹ́ lórí àwòrán ńlá, nítorí náà ẹ̀dà kékeré ni kí ẹ fi dán àwọ̀ wò. Kí n tó fi àwọ̀ kankan ránṣẹ́, màá gbé layer aláwọ̀ eérú lé orí gbogbo rẹ̀, màá yí ìdàpọ̀ rẹ̀ (bó ṣe ń dà pọ̀ mọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀) sí Color, kí gbogbo rẹ̀ di dúdú-àti-funfun. Bí irun àti ojú bá pòórá mọ́ra, àwọ̀ náà kò tíì tó.

Mo ń fi Krita sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ kíkọ bá pọ̀ lórí ojú-ìwé, àti níbi tí ẹ̀dá-ìtàn bá gbọdọ̀ di àmì tí a óò fẹ̀ tó ògiri. Sọ́fítíwià tí wọ́n dìídì ṣe fún vector, àwòrán tí kì í bàjẹ́ bó ti wù ká fẹ̀ ẹ́ tó, mọ iṣẹ́ yẹn jù ú lọ. Krita ní ìṣípòpadà (àwòrán tó ń rìn) láti 2016, fírémù sí fírémù, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àyè púpọ̀ nínú RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí, kò sì ní egungun tí a lè fi mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn. Mo fi ń wo bí ẹ̀dá-ìtàn ṣe ń ṣẹ́jú tàbí ṣe ń rìn, ó tán. Ó ń ṣí PSD, fáìlì Photoshop, ó sì ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ gbogbo mask, bíi Colorize Mask yẹn, di layer lásán kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má bá búrọ́ọ̀ṣì tó lé ní 100 tó bá a wá jà. Èyí tí mo ń lò kò ju iye ìka tó wà lọ́wọ́ kan lọ. Kí ẹ sì mọ Ctrl+Alt+S: ó máa ń fi fáìlì pamọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, tí ti àná kò ní parẹ́. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá sọ pé ti ìṣáájú ló dára, kò sí ohun tí ẹ ó tún yà.