Akọ àti Abo Ẹja Àrọ̀: Ìdí Ni Kí O Wò

Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹyin ẹja àrọ̀ di ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Àwọ̀ àti títóbi ara kò lè sọ ọ́ fún un. Fi aṣọ tútù bo orí ẹja náà kó má baà jà, kí o wá dá ikùn rẹ̀ sókè.

Lára akọ, ẹran kékeré kan yọ jáde lẹ́yìn ihò ìdí. Ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó, ó sì kọjú sí ìrù. Ti abo kò gùn, ó rí roboto. Bí ẹyin abo bá ti gbó, ibẹ̀ á wú, á sì pọ́n.

Ikùn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, torí pé akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó lè wú bí abo tó lẹ́yin. Má fún wọn lóúnjẹ fún wákàtí 24 kí o tó yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn náà, rọra tẹ ikùn abo lọ sí apá ìdí; bó bá ti gbó, ẹyin díẹ̀ á jáde. Má fagbára tẹ̀ ẹ́, kí o má baà ṣe é léṣe nínú.

Akọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí o tẹ̀ ẹ́ tó, àtọ̀ kì í sábà jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pa á kí wọ́n tó yọ àpò àtọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, tún ìdí rẹ̀ wò kí o tó mú ọ̀bẹ: bí o bá ṣì í mú, abo tó kún fún ẹyin lo máa là nínú.