Malbec Owó Pọ́ọ́kú: Ti Mendoza àbí ti Cahors?

Ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa wáìnì. Bá wa wá pupa kan tó dúdú dáadáa, tí kò ní tì wá sí gbèsè, tí àwọn àna ò sì ní máa wojú ara wọn bí wọ́n bá gbé e sẹ́nu." 5,000 sẹ́fà, owó tiwa ní Benin, ni òpin owó ìgò kan. Mo ra ìgò mẹ́rin, gbogbo wọn Malbec, a sì tọ́ wọn wò lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan: èmi, ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn, àbúrò mi ọkùnrin, àti Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọn ò mu wáìnì rí àfi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ò bá gba ọtí, kó fo ọ̀rọ̀ yìí kọjá, kò sí ìjà.

Malbec kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Orúkọ èso ni, irú àjàrà kan tí èèpo rẹ̀ dúdú. (Ẹ má gbọ́ ọ sí Adjarra o, ìlú tó wà nítòsí Àjàṣẹ́. Adjarra ń bọ̀ níwájú.) Cahors, létí odò Lot ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, ni ilé rẹ̀ àtijọ́, Côt sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Lọ́dún 1853, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Michel Aimé Pouget kó igi rẹ̀ lọ sí Mendoza ní Argẹntínà. Ọ̀rọ̀ wá dà bíi ti ọmọ tó lọ sí Èkó tó wá lówó ju àwọn ará ilé lọ: òtútù burúkú ọdún 1956 pa púpọ̀ nínú igi Cahors, Argẹntínà ló sì ní Malbec tó pọ̀ jù láyé báyìí.

Ilẹ̀ méjèèjì ò jọra, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ inú ife ti bẹ̀rẹ̀. Mendoza fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aṣálẹ̀. Òjò ibẹ̀ kò tó nǹkan, omi yìnyín tó ń yọ́ wá láti orí òkè Andes ni wọ́n fi ń bomi rin oko, oko náà sì wà lókè, ibòmíràn ju 1,000 mítà lọ. Oòrùn a mú lọ́sàn-án, òtútù a mú lóru. Èso á pọ́n dé góńgó, á sì tún ní kíkan díẹ̀ lára. Òjò pọ̀ ní Cahors jù bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn rẹ̀ kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọtí ibẹ̀ a máa le, a máa di ẹnu mú.

Nínú ife

Ìgò kìíní: Mendoza kékeré tí wọn ò tọ́jú sínú àgbá igi, 3,500 sẹ́fà. Mo bù ú sínú ife, mo tẹ ife náà sórí aṣọ funfun. Àárín rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń tàn bí aṣọ àlàárì tuntun. Òórùn rẹ̀ rán mi létí èso orí-ńlá dúdú tí a máa ń ṣà nínú igbó nígbà tí a wà lọ́mọdé, èyí tó ti jábọ́ fúnra rẹ̀, tó rọ̀, tó dùn. Ó wọ ọ̀nà ọ̀fun láìjà. Àbúrò mi, bíà ni tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó ní, "Èyí ò ṣe ẹnu èèyàn léṣe." Ó sì tún bù sí i.

Ìkejì: Cahors, 4,800. Aṣọ ẹtù lèyí ní tirẹ̀, dúdú débi pé mi ò rí ìka mi lódì kejì ife. Láyé àtijọ́, wáìnì dúdú ni wọ́n ń pè é, irọ́ kọ́. Òórùn ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ ló kọ́kọ́ jáde. Màmá Àgbà fi kan ahọ́n, wọ́n ṣe ojú bí ẹni tó gé èèpo àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n jẹ. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé oògùn lẹ fún mi ni?" Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí wọ́n yí i padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ìkẹta: Mendoza tí wọ́n kọ "Reserva" sí lára, 5,000 gééré. Òfin Argẹntínà ni pé wáìnì pupa tó bá ń jẹ́ Reserva gbọ́dọ̀ ti gbé ó kéré tán oṣù 12 kí wọ́n tó tà á. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù, wọ́n ní ó ń rùn bíi kéèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Òótọ́ ni, òórùn fànílà àti èéfín igi wà níbẹ̀. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn ṣá. Ní owó kékeré, ègé igi ni àwọn mìíràn máa ń rì sínú ọtí dípò kí wọ́n fi sínú àgbá gidi, igi náà á wá bo èso mọ́lẹ̀. Sẹ́fà 1,500 lórí òórùn kéèkì? Bí ẹ bá fẹ́ kéèkì, ẹ ra kéèkì.

Malbec ti gúúsù Faransé tún wà lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ "Pays d'Oc" sí. Mo ti mu ún rí. Kò burú, n kò sì rántí rẹ̀ dáadáa, ìyẹn náà sì tó ìdáhùn.

Ìgò kan náà, ṣọ́ọ̀bù méjì

Ìkẹrin gan-an ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mendoza kìíní yẹn náà ni: ilé-iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni mo ti rà á, 3,000 sẹ́fà, lórí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, níbi tí oòrùn ń là á lórí láti àárọ̀. Mo rò pé mo rí ọ̀pọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí i, kọ́ọ̀kì ti ta sókè díẹ̀ kúrò lẹ́nu ìgò, abẹ́ ìbòrí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bù ú: àwọ̀ àlàárì ti lọ, ó ti dà bíi omi èèpo igi. Adùn orí-ńlá náà ti lọ. Tòmátò tó ti sùn lórí iná ni mo gbọ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n dà á sẹ́bàá òdòdó.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá Mendoza ni tàbí Cahors, ẹ béèrè ibi tó dúró sí. Nínú àwọn cave (ṣọ́ọ̀bù ọtí) ìlú wa, ìgò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ti ojú rírí ni. Ẹ sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀kan jáde látinú páálí." Ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, ẹ dá a padà. Ẹ fi ìka tẹ orí kọ́ọ̀kì, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ onírin yíyí kò fi hàn pé ọtí náà kò dára o, èmi tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún irú ooru wa yìí.

Ìgò tó wúwo, tí ìdí rẹ̀ kó wọnú, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ orí náà bẹ́ẹ̀: Malbec owó kékeré, ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè ló dáa jù. Èyí tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ, ó kàn ti pẹ́ ni.

Ohun kan tún wà lára ìgò tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Bí wọ́n bá kọ Malbec sí ti Argẹntínà, ó kéré tán ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni èso náà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè wá ọ̀rọ̀ náà "Malbec" lára ìgò Cahors kẹ́ ẹ má rí i, torí orúkọ ìlú ni wọ́n ń kọ. Malbec náà ni, ó kéré tán ìdá 70, Merlot tàbí Tannat, irú àjàrà mìíràn, sì ni ìyókù.

Kí la fi ń jẹ ẹ́?

Ibí ni Cahors ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti rán àbúrò mi lọ sí Adjarra lọ ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun, èyí tó ń kán ọ̀rá sórí iná, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tútù. Ọ̀rá ẹran náà bá dídi-ẹnu-mú Cahors jà, àwọn méjèèjì sì rọ̀. Màmá Àgbà jẹ ègé méjì, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún mu. "Oògùn yẹn dà? Ẹ bu díẹ̀ sí i fún mi." Mendoza sì wá dà bí omi dídùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran yẹn.

Amíwò (òkèlè àgbàdo tí a fi tòmátò rò) àti adìyẹ wá yí ọ̀rọ̀ padà. Tòmátò inú rẹ̀ mú kí Cahors korò, Mendoza sì bá a mu wẹ́kú. Wàgásì (wàrà Fúlàní) díndín, Mendoza náà ni. Bí ata ọbẹ̀ bá pọ̀, ẹ wo iye ọtí tó wà lára ìgò: ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún sàn ju 14 lọ, torí ata àti ọtí jọ ń ta èèyàn lẹ́nu ni. (Ẹ má sì mu ún bíi bíà, bíà kì í sábà ju 5 lọ.) Ẹja? Ẹ fi sílẹ̀. Wáìnì tó dúdú bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ẹja ní adùn irin lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo tí ìgò méjèèjì fẹ́ ni ìtutù díẹ̀. "Wáìnì pupa, ẹ má gbé e sínú firiji," ọ̀rọ̀ àwọn tí ilé wọn tutù nìyẹn. Ìwọ̀n ooru 16 sí 18 (Celsius) ló dùn sí, ọ̀sán Àjàṣẹ́ sì ń lọ sí 30. Bíi wákàtí kan nínú firiji tó. Bí kò bá sí iná, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ni pé kí wọ́n ra Mendoza kékeré ìgò méjìlá, látinú páálí, fún gbogbo ìjókòó, àti Cahors mẹ́ta fún tábìlì tí ẹlẹ́dẹ̀ Adjarra yóò wà. Ìgò kan á fún èèyàn márùn-ún ní ife kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà. Wọ́n kàn béèrè ibi tí ìyókù Cahors tí a tọ́ wò wà, nítorí ó yẹ kó ku bí ìdajì ìgò. A wá a títí. Ìlẹ̀kùn yàrá Màmá Àgbà wà ní títì.